Ẹsẹ̀ Ìyá Mi Lórí Bíréèkì Ìjàpá

Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi mú ilẹ̀, èmi ní kí wọ́n fún mi ní ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, n kò sì tijú ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀.

Wàhálà kò pẹ́ dé. Bí mo bá ti tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á fà sí òsì. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gbé mi sọ sí gọ́tà. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló tú táyà iwájú lápá òsì, wọ́n pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀, ó ṣì ń fà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kó tó pa mí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà. Mo kọ́kọ́ rọra wà á lọ sí Iléṣà, kí ìyá wa lè fojú kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá wa jókòó síbi awakọ̀, ó tẹ bíréèkì, ó bi mí pé ibo ló ń fà sí. Mo ní òsì. Ó ní ibo là ń tú. Mo ní òsì náà ni.

“Ẹ̀gbẹ́ tó ń ṣe uṣẹ́ rẹ̀ lẹ ń tú kiri. Tú ọ̀tún.”

Mo gbé jáàkì sábẹ́ ọ̀tún, mo bọ́ táyà, mo rọra fi hámà kan ìdérí irin tó bo bíréèkì lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi jáde. Ọ́ìlì bíréèkì ti ń jò síbẹ̀ láti inú sìlíńdà kékeré tó máa ń tì í, bíréèkì ọ̀tún ti rin gbingbin, kò lè di nǹkan kan mú. Òsì nìkan ló ń dá ọkọ̀ dúró, ìyẹn ló ṣe ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Mo ra sìlíńdà tuntun àti bíréèkì tí kò rin, mo fi wọ́n sí i. Ó wá ku ká lé afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì jáde, iṣẹ́ ẹni méjì sì ni: ẹnì kan á máa tẹ bíréèkì, ẹnì kejì á máa tú nọ́ọ̀tì lẹ́yìn táyà. Kí n tó sọ̀rọ̀, ìyá mi ti bọ́ bàtà, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dì í mú, ó ń tú u sílẹ̀, n kò tíì ní kó ṣe é. Ó ní báyìí lòun ṣe ń bá bàbá wa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, gbogbo ohun tó ń kùn lábẹ́ ọkọ̀ lòun sì ń gbọ́.

Mo wà á sọ̀ kalẹ̀ nídàgẹ̀rẹ̀ àdúgbò, mo tẹ bíréèkì, ó dúró gbọnrangandan. Omi bọ́ lójú mi. Mo padà, mo dọ̀bálẹ̀ fún un tòun ti ọ́ìlì lọ́wọ́, mo dúpẹ́ títí. Mo wá bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa láti ìgbà tá a ti ń sọ pé a ó tà á.

“Ìgbà wo lẹ bi mí?”

Òótọ́ ni. Mẹkáníìkì mẹ́ta ni mo bi.