Pe Àwọn Tí O Rí

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí mo bá ronú kan ìyàwó mi. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí wà lẹ́yìn ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Òmù, abẹ́ páànù tí kò ní ògiri, tí omi ẹ̀gẹ́ ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di funfun. Àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ máa ń jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká níbẹ̀, wọ́n á máa bó o, ìyàwó mi á sì máa dá orin fún wọn.

Orin kan ló fẹ́ràn jù. "Ta ló jókòó?" ni yóò bèèrè, àwọn yòókù á ní, "Pè é ká gbọ́!" Yóò wá máa fi ìnagijẹ pe àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Adúmáadán jókòó, ọ̀bẹ rẹ̀ mú; Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ jókòó, ó ń sùn lórí ẹ̀gẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn á sì yá sí i. Bí mo bá gun ọ̀kadà mi dé láti wá kó àpò gàrí, á fi mí kún un: "Adákẹ́mábinú dé, ó ń wò bí ère." Ojú á tì mí. Màá kàn máa so àpò mọ́ ọ̀kadà, ṣùgbọ́n mo máa ń fẹ́ kó tún pè mí.

Olùkọ́ kan gba orin náà sínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló kù fún mi nígbà tí ìyàwó mi kú. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó lọ sí ilé ìwé àgbà láti kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé, ìyàwó mi ló sì ní kí n lọ. Nítorí náà mo lè kọ orúkọ mi fúnra mi. Ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí mo ti lè gbọ́ bí ó ṣe máa ń pè mí.

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin àbúrò ìyàwó mi wá bá mi nílé ní Ìkọ̀lé. Akọrin ni, Ùsì ló ń gbé. Ó ní òun fẹ́ gbé orin náà jáde.

"Dádì, ọ̀nà méjì ló wà," ó ní. "Bí mo bá ṣe kọ́fà, màá kọ ọ́ bí Mọ́mì ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ rímeèkì, màá tú u palẹ̀, màá tún un mọ. Ìlù á yí padà, àwọn orúkọ ibẹ̀ náà á yí padà."

"Bí ó ṣe kọ ọ́ ni kí o kọ ọ́."

"Orúkọ ńkọ́?"

"Torúkọ-torúkọ."

"Dádì, ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?"

"Mo ti rò ó."

N kò rò ó. Lójú tèmi, ẹni tó bá wọ ilé onílé kì í tún àga tò. Kọ́fà yìí dà bí ọmọlúwàbí, rímeèkì dà bí olè tó kọ́kọ́ kí ni pé ẹ kú ilé.

Ó ṣe bí mo ṣe wí. Nígbà tó parí rẹ̀, àwa méjèèjì gbé e lọ sí Òmù, nítorí ó fẹ́ kí àwọn obìnrin ibẹ̀ bá òun gbe orin náà. Ìyá ìyàwó mi wà níbẹ̀. Kò lè bó ẹ̀gẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n bó o lẹ́yìn òun. Ọmọ náà tan orin lórí fóònù rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jọ ti ìyàwó mi débi pé mo di òpó mú. "Ta ló jókòó?" ni orin bèèrè. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n dáhùn, "Pè é ká gbọ́!"

"Adúmáadán jókòó, ọ̀bẹ rẹ̀ mú."

Ẹ̀rín dá. Adúmáadán ti kú. Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ náà ti kú, ọmọ rẹ̀ ló jókòó sórí àpótí rẹ̀. Orin náà ń pè wọ́n lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ọ̀bẹ sì dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọmọ Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ju ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

"Ẹ pa á o! Ta ló ń pe òkú wá sídìí uṣẹ́ láàárọ̀ kùtù?"

Akọrin náà wò mí. Ìyá ìyàwó mi na ọ̀pá sí i. "Ṣé o ò lójú ni? Pe àwọn tí o rí."

Akọrin náà pa fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń wò yí ká. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dé wíìgì tuntun: "Onírun-ẹṣin jókòó, kò fẹ́ kí omi ta sí i." Ó dé ọ̀dọ̀ aboyún kan: "Abara-méjì jókòó, ọ̀bẹ kan ló mú wá."

"Fi irun mi sílẹ̀ o, ọkọ mi ló rà á!" ni onírun náà kígbe. Ẹ̀rín tún sọ. Ọmọ Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ pàápàá padà jókòó.

Mo gbọ́ ọ dópin. Ìyàwó mi kò sí nínú rẹ̀. Èmi náà kò sí. Inú bí mi.

"Níbo lo fi í sí?" mo bi akọrin náà.

Ìyá ìyàwó mi ló dá mi lóhùn. "Ta ni? Ọmọ mi? Ṣé ó jókòó síbí ni?"

"Orin rẹ̀ ni, Ìyá."

"Orin èmi ni. Nígbà tí ọwọ́ mi ò mú ọ̀bẹ dáadáa mọ́ ló gbà á. Ó yọ gbogbo ẹgbẹ́ mi kúrò níbẹ̀, ó yọ èmi náà. Odindi oṣù kan ni mi ò fi jẹ oúnjẹ rẹ̀."

"Kí ló wá mú yín gbà?"

"Ebi."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò lè rín. Mo ń rò ó títí mo fi dé Ìkọ̀lé. Bí ọmọ yìí bá kọ ọ́ bí ìyàwó mi ṣe kọ ọ́, kò ṣe ohun tí ìyàwó mi ṣe. Bó bá tú u palẹ̀, ohun tí ìyàwó mi ṣe gan-an ló ṣe. Síbẹ̀, kọ́fà yẹn ló mú kí n di òpó mú; rímeèkì ló bí mi nínú. Èwo wá ni olóòótọ́ nínú méjèèjì? Ohun tí mo rí dájú kò dùn mọ́ mi: kì í ṣe ìyàwó mi ni mo ń dáàbò bò. Ibi tí wọ́n ti ń pè mí ni.

Lọ́jọ́ kejì mo pe ọmọ náà lórí fóònù. Mo ní kó gbé e jáde bó ṣe kọ ọ́ ní Òmù.

"Ṣé kí n fi Adákẹ́mábinú sí i, Dádì? Kò le rárá."

Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, òun náà sì mọ̀.

"Rárá," mo ní. "N kì í bó ẹ̀gẹ́."

Láìpẹ́ yìí, mo ń kọjá ní Ayégbajú, àwọn obìnrin kan ń ro àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan ń dá orin: "Ta ló ń roko?" Ó pẹ́ kí n tó mọ orin náà. Ìnagijẹ tí n kò gbọ́ rí ló ń pè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bú u, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dá ọ̀kadà dúró. Ó wù mí kí n sọ fún wọn pé mo mọ ẹni tó ni ín, àmọ́ orúkọ ta ni n bá dá?

"Bàbá, ṣé ẹ ń wá ẹnìkan ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ní rárá. Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin náà tún gbé orin rẹ̀, ó ń wo ojú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kó tó pè wọ́n, bí ìyàwó mi ṣe máa ń wò wọ́n. Bóyá èyí tù mí nínú ni, bóyá ó dùn mí ni, n kò tíì lè sọ. Mo kàn mọ̀ pé n kò tètè fẹ́ lọ.