Wákàtí Tí Matilda Kò Gbọdọ̀ Dìde

Bí ẹ kò bá mọ Matilda alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá kejì nílé mi ní Bárúwà, ẹ dúpẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n, ojú wíwú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń fọ sùtánà fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun, ó ń fún un, ó ń sá a, ọwọ́ rẹ̀ sì ti di irin. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń fún aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan. Omi inú rẹ̀ tán, kò dá a dúró, àfìgbà tí aṣọ náà fúnra rẹ̀ ní ó tó. Ó gbá awakọ̀ kan létí rí lójú ọ̀nà Ìpájà, àwọn tó ń dúró de mọ́tò ní Ìyànà Ìpájà lọ́hùn-ún dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní táyà ló bẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ gba ti ẹ̀ lọ́wọ́ Matilda kó wò ó.

Àmọ́ kì í jà láìnídìí ṣá. Ọ̀wọ́ngógó ló ń bá jà. Bí ọjà bá gbówó lórí, ẹni tó bá tà á fún un ni yóò jẹ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọṣẹ wọ́n, ó ti orí Princess, obìnrin tó ń ta ọṣẹ lódìkejì títì, bọ inú páálí ọjà rẹ̀, ó sì jókòó lé páálí náà. Nígbà tí gáàsì wọ́n, ó lu Abdulsobur tó ń rọ gáàsì ní ìkóríta wa, eyín iwájú rẹ̀ kan sì fò jáde. Abdulsobur tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó wo eyín náà nílẹ̀, ó ní: "Ta ló sọ fún ẹ pé èmi ni mo gbówó lé e? Lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé, kó o mọ ẹni tó yẹ kó o lù."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Matilda létí ju bí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ṣe wọ Abdulsobur lẹ́nu lọ. Ó fẹ́ mọ ẹni náà lóòótọ́. Tíṣà kan tó máa ń kó aṣọ wá fún un ló fi kọ́lẹ́ẹ̀jì kan hàn án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè: bí wọ́n ṣe ń wọn gbogbo ohun tí ìlú pèsè lọ́dún, ohun tó ń fa ọ̀wọ́ngógó, ìdí tí iṣẹ́ fi ń ṣọ̀wọ́n. Ó yá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ tíṣà náà, ó ń lọ aṣọ, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́.

A rò pé ara àdúgbò yóò rọ̀. Epo la bù síná. Ní ọ̀sẹ̀ tí olùkọ́ sọ pé bí náírà ṣe ń rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là ń gbówó lé ọjà, Matilda gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó lọ bá Ṣóbọ̀wálé tó ń ṣẹ́ dọ́là, ó gbé e lulẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó bi í bóyá òun ló ń fà á. Ṣóbọ̀wálé ní òun kọ́. Ó tún un gbé lulẹ̀ kó lè dá a lójú. Nígbà tó padà délé tó gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ náà, ó rí i pé olùkọ́ ò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Ìdánwò ló wá kù. Èèyàn á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà á máa wò ó fún odindi wákàtí kan. Kò gbọdọ̀ dìde, kò gbọdọ̀ wo ẹ̀gbẹ́, kò gbọdọ̀ la ẹnu, ojú ẹlòmíì kò sì gbọdọ̀ hàn. Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ á ti ilẹ̀kùn ìdánwò mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà lójú, kò kàn létí ni. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣe é, ẹnì kan wá kanlẹ̀kùn béèrè ṣòkòtò rẹ̀. Matilda dìde, ó fi ilẹ̀kùn náà gbá a nímú, ìdánwò sì kú síbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀wé pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un. Bó bá tún dìde, ó parí nìyẹn, wọn ò ní gbà á mọ́ láé.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kúnlẹ̀, ó ń bẹ gbogbo wa pé tó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn òun, torí fún wákàtí kan gbáko òun ò ní lè dìde, òun ò sì ní lè fèsì, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Gbogbo àdúgbò ní kó fọkàn balẹ̀. Princess tilẹ̀ gbàdúrà fún un, ó sì lọ wá omorogùn.

Ìbéèrè kìíní ni Matilda wà nígbà tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í rá wọlé. Wọ́n ń fi orúnkún rìn nítorí kámẹ́rà. Bí ojú wọn bá hàn, ẹ̀rọ á ti ilẹ̀kùn, bí ẹ̀rọ bá sì ti ilẹ̀kùn, Matilda á dìde. Ta ló fẹ́ kó dìde? Àwọn tó wá lù ú ló wá ń ṣọ́ ìdánwò náà ju ẹni tó ń ṣe é lọ.

Princess wọ abẹ́ tábìlì, ó fi omorogùn na ojúgun rẹ̀. Ṣóbọ̀wálé gba ẹ̀yìn aṣọ funfun tí Matilda ta sẹ́yìn àga nítorí kámẹ́rà, ó ń fi bẹ́líìtì bù ú léjìká láti ẹ̀yìn aṣọ. Henry náà wà níbẹ̀, ayálégbé mi tó ń gba tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Matilda kò fọwọ́ kàn án rí. Henry ní òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára ni, ó wà lábẹ́ tábìlì, ó ń ja á léèékánná ní itan. Ojú fèrèsé ni mo wà. Mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ojúgun Matilda, mo rí omi tó ń ṣàn lójú rẹ̀, ojú náà kò kúrò níwájú. "Ọṣẹ ńkọ́, Àǹtí?" ni Princess ń wí bó ṣe ń nà án. "Ẹ bá mi wá èrè orí ọṣẹ." Matilda mú ìdáhùn kan, ó kọjá sí òmíràn. Láti ìgbà tí Ìpájà ṣì jẹ́ oko ni mo ti ń wòran ìjà, n kò rí ẹni tó gba ìyà báyẹn láìfẹnu sí i rí.

Abdulsobur ló wọlé kẹ́yìn, kò sì rá. Ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ku díẹ̀ kí kámẹ́rà rí i. Sípánà ńlá tó fi ń ṣí sílíńdà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣóbọ̀wálé di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Fi mí lẹ́sẹ̀ sílẹ̀ jàre," ni Abdulsobur wí. "Matilda, o ti kàwé. Ta ló gbówó lé gáàsì? Ṣé èmi ni? Dá mi lóhùn, àbí kí n gbé ojú mi síwájú kámẹ́rà báyìí."

Ẹnu kò ṣeé là, orí kò ṣeé yí. Bébà kan wà lórí tábìlì tí wọ́n gbà á láyè láti fi ṣírò. Matilda tẹjú mọ́ ìbéèrè, ó fi ọwọ́ òsì kọ nǹkan wúruwùru síbẹ̀, ó sì tì í sí etí tábìlì. Abdulsobur mú un. Ó kà á, ó tún un kà sókè bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́: "Kì í ṣe ìwọ. Mo ṣì ẹ́ lù ni."

Omorogùn dúró. Bẹ́líìtì dúró. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti gba Matilda sílé, n kò gbọ́ kó gbà pé òun jẹ̀bi rí, mo sì ti gbà á sílé pẹ́.

Abdulsobur ka bébà náà pọ̀, ó fi sápò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé sípánà sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí orúnkún Matilda lẹ́ẹ̀kan. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná. Àga mì, Matilda kò mì. "Ti eyín mi nìyẹn," ni Abdulsobur wí, "ó tán." Lẹ́yìn náà ló yí sípánà náà sí àwọn yòókù, ó ń bi wọ́n bóyá ojú wọn fọ́ tí wọn ò rí i pé èèyàn ń ṣèdánwò. Ó fọ́ ọwọ́ Princess kó tó yọ tán lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi àpótí kan jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò jẹ́ kí eṣinṣin wọlé mọ́.

Nígbà tí wákàtí pé, ẹ̀rọ gbé èsì jáde. Matilda ti yege. Ó kà á, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ fò dìde lé àwọn ọ̀tá rẹ̀ bá. Orúnkún kọ̀. Ó ṣubú gbì sílẹ̀, ó sì bá Henry pàdé lábẹ́ tábìlì, níbi tí aṣọ funfun ti wé mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí àwọn yòókù ń sá.

"Àǹtí Matilda, ẹ jọ̀ọ́," ni Henry wí, "ẹ ò nà mí rí."

Matilda ní òun mọ̀. Ó fà á mọ́ra pẹ̀lú aṣọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un bí ẹni fún sùtánà. Abdulsobur bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó na ọwọ́, ó pa ilẹ̀kùn dé.