Bàtà Yìnyín Tó Dùn Jù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n gbé bàtà tuntun sínú ààrò, mo rò pé orí ọ̀gá ti dàrú. Bàtà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú páálí jáde ni, ó ń dán, abẹ irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń kọ mànà. Ọ̀gá tú okùn rẹ̀, ó ya ẹnu rẹ̀ gbàgà, ó tì í sínú ààrò kékeré kan tó jọ ti àwọn oníbúrẹ́dì, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Mo di ìgbálẹ̀ mú, mo ń retí èéfín.

Èéfín kò jáde. Nígbà tí ọ̀gá mú un jáde, ó ní kí n fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó le bí èèpo àgbọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára.

Ìgbálẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún ní pápá yìnyín yẹn, ní Bronx, kò jìnnà sí Soundview níbi tí mò ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù bàtà wà lára ilé pápá náà, Sáàlì ọ̀gá mi ló sì ni ín. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rò pé Sàlíù ni orúkọ rẹ̀, pé mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi ni, mo sì ń kí i ní “Asalaamu alaekun” láràárọ̀. Ó máa ń dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín pé, “Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi.” Àfìgbà tí mo rí àgbélébùú tó ń fì lọ́rùn rẹ̀ ni mo mọ̀ pé ará Ítálì ni àwọn bàbá rẹ̀. Mi ò torí ẹ̀ yí ìkíni mi padà. Ó ti mọ́ ọn lára.

N óò ṣàlàyé bàtà náà díẹ̀, nítorí kò sí ohun tí mo fẹ́ràn láti ṣàlàyé tó o. Eré họ́kì ni wọ́n ń fi í gbá: àwọn òṣèré ń fi igi lé rọ́bà pẹlẹbẹ kan kiri lórí yìnyín, orí abẹ ni wọ́n sì ń gbà sáré. Bí ẹsẹ̀ bá ń mì nínú bàtà, abẹ kò ní gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ń wí. Nítorí náà bàtà gbọ́dọ̀ há mọ́ ẹsẹ̀, kó sì le. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì kì í rí bákan náà, kódà lára ẹnì kan ṣoṣo. Ibi tí iná ti wúlò nìyẹn. Ẹ wo òrí: oòrùn pa á, ó rọ̀, ọyẹ́ dé, ó dì. Tìmùtìmù àti ike inú bàtà yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ó yan án fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹyin fi ń jinná, ẹni tó ni ín yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì rọ̀, yóò fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè sún dé ẹ̀yìn pátápátá, a ó so okùn, yóò sì jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi tutù. Kò gbọdọ̀ dìde. Ẹni tó bá dìde yóò ti ẹ̀gbẹ́ bàtà síta, ìwọ̀kuwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì dì síbẹ̀.

Okùn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. A kì í fà á sókè gan-an-ran. Ìta, sí ẹ̀gbẹ́, ni à ń fà á sí, torí ojú ihò tí okùn ń gbà kọjá lè ya nígbà tí ara bàtà bá gbóná. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níyẹn. Mo ya méjì kí n tó mọ̀ ọ́n, bàtà àlòpatì tí wọ́n ń jù nù ni mo sì fi kọ́ ọ. Mo máa ń kó wọn relé nínú bọ́ọ̀sì, n óò fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lórí tábìlì, n óò wo ohun tó wà níbẹ̀ ní ìpele-ìpele. Lọ́jọ́ kan mo gbé ọ̀kan sínú ààrò oúnjẹ wa. Sìkírá ìyàwó mi wọlé, ó ṣí ààrò, ó wò mí, ó ní ṣé ká jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ àbí lásán. Bí mo ṣe ra ààrò àlòkù tèmi nìyẹn.

Nígbà tó yá, Sáàlì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì fi ààrò ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe báyìí. Sáàlì ti kó lọ síbi tí òtútù kì í mú. Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà níbòmíràn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ya àwòrán ẹsẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ náà sì dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbóòórùn rọ́bà tó gbóná báyìí, ṣọ́ọ̀bù Sáàlì ni ọkàn mi ń lọ, àti Moyọ̀.

Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni Moyọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá láti Williamsbridge. Ìyá Moyọ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Àtàárọ̀ ló ti wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ahọ́n mi ló mọ̀ pé ará ilé ni mí. Ó ní, “Ẹ̀gbá ni yín, Bọ̀ọ̀dá. Ohùn yín ti tú yín fó.” Láti ìgbà yẹn, kò fi èdè mìíràn bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì fi ìgúnpá gún ọmọ rẹ̀ pé kí òun náà sọ Yorùbá sí àgbà.

Ọmọ náà fẹ́ wọ ẹgbẹ́ họ́kì àwọn ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n yóò dán àwọn ọmọ wò. Bàtà tó ń yá lò ti bó o lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ sì ti búra pé èyí tí àwọn fẹ́ rà yìí ni òpin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún jáde, kí ó lọ máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àríyànjiyàn wa àkọ́kọ́ dá lórí ìwọ̀n. Ìyá Moyọ̀ fẹ́ èyí tí yóò gba ọmọ náà di ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo wa la mọ àṣà yẹn. Kò sí ẹni tí kò wọ bàtà iléèwé tí wọ́n fi òwú dí níwájú rí nínú wa.

Mo ní, “Ìyá Moyọ̀, òwú kò ṣiṣẹ́ níbí. Iná lè mú kí bàtà gba ẹsẹ̀, kò lè sọ ọ́ di kékeré.”

Ó ní, “Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ń dàgbà bí ẹ̀gẹ́, Bọ̀ọ̀dá Mufú.”

“Ẹ jẹ́ kó dàgbà. Tó bá dàgbà, ẹ ó padà wá bá mi.”

Ó rojú, ó gbà. Mo mú èyí tí ọmọ ìka rẹ̀ kan níwájú fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá nàró, tó sì fà kúrò níbẹ̀ tó bá tẹ orúnkún. Mo yan án. Mo so okùn. Mo wá béèrè bó ṣe rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bí mo ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Moyọ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó wá ọ̀rọ̀. “O dun, Onku,” ó wí, láìsí òkè láìsí ìsàlẹ̀, bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ṣe ń sọ ọ́.

Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ ọ? Ó ní ó dùn.”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ dùn, orin dùn, bàtà náà dùn: àwọn ọmọ wa níbí, gbogbo ohun tó bá ti dára ló ń dùn lẹ́nu wọn. Mo tilẹ̀ tún okùn náà fà mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ọmọ náà fún ẹnu pọ̀, ó wo òrùlé títí bàtà fi tutù, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Ọjọ́rú ni wọ́n padà wá, ọjọ́ kejì tó fi bàtà náà sáré. Ìyá Moyọ̀ kò kí mi. Ó gbé bàtà lé káńtà, ó ní kí ọmọ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Awọ orí kókósẹ̀ òsì ti ká kúrò bí èèpo tòmátì.

Ó ní, “Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.”

Mo yíjú sí ọmọ. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi nígbà tó wà lórí àga.

“Mo sọ fún yín,” ló wí. “Mo ní ó dun.”

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ìdí ọ̀rọ̀. “Moyọ̀, dùn bíi ti ṣúgà, àbí dùn bíi ti ọgbẹ́?”

“Bíi ti yéè.”

Ìyá Moyọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń yin oyin tí a sì fi ń ké ìrora ní èdè wa. “Mí” kékeré tó kẹ́yìn ló ń yà wọ́n. Ó dùn; ó dùn mí. Moyọ̀ ti gbàgbé “mí” sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mo sì rò ó síwájú: ká tilẹ̀ ní kò gbàgbé ẹ, ọmọ tí a kọ́ nílé wa kò ní sọ lójú àgbà pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń dun òun.

Ẹ̀rín tán, Sátidé ṣì ń bọ̀. A kò lè gba bàtà náà padà, nítorí ó ti di ẹsẹ̀ ẹnì kan. Sáàlì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ká tún gbogbo rẹ̀ yan. Mo ní rárá. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jókòó dáadáa, bí a bá tún un yan a ó pàdánù ìyẹn, gọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́ràn iná léraléra. Ojú kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Sáàlì fi ìka ra irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, “Ó dáa, Mufú. Tìẹ ni.”

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé egungun wà nínú, irinṣẹ́ wà níta. Bí mo bá ṣì í díẹ̀, ibi tí kò ṣe nǹkan kan ni n óò fẹ̀. Mo béèrè bóyá ìtọ́tè wà nínú àpò Ìyá Moyọ̀.

“Ìtọ́tè? Ẹ fẹ́ kùn ún ni?”

“Kókósẹ̀ ọmọ yín ló fẹ́ kùn ún.”

Ó yọ ọ́ jáde, pupa fòò, ó ń kùn pé ti ọjọ́ ìsinmi ni. A lẹ báńdéèjì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú egbò, mo fi ìtọ́tè kùn ún lórí níbi tí egungun ti yọ jù. Moyọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo so ó, mo tú u, ó fà á yọ. Àmì pupa kan ti lẹ̀ mọ́ inú bàtà bí òǹtẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ ibẹ̀ nìkan, títí ó fi rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Mo wá mú ẹ̀mú wa, èyí tí ẹnu rẹ̀ kan rí rògódó tí èkejì rí bí òrùka. Rògódó wọnú lọ bá àmì, òrùka wà níta, mo fún wọn pọ̀, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi tutù. Ara bàtà náà yọ gọngọ síta bí ìwo àgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ó tún wọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò béèrè bó ṣe rí.

“Moyọ̀, níbo?”

Ó wo ìyá rẹ̀.

“Má wo ìyá ẹ. Má sì ro tèmi. Fi ìka hàn mí.”

Ó rò ó. Ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í léèrè. Mo ṣe ibẹ̀ náà. Mo tún béèrè níbo. Ó tún fi ibòmíràn hàn mí, ó ti ń dùn mọ́ ọn. Ìgbà tó yá ló mi orí pé kò sí mọ́. Láti ọjọ́ náà, “níbo” ni mò ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà, àtòyìnbó àtaláwọ̀ dúdú. Ẹni tí a bá bi bóyá ó dára yóò fi ìwà rere dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n ìka tí a ní kó tọ́ka kì í tijú.

Lọ́jọ́ Sátidé mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Sáàlì, mo lọ dúró sẹ́yìn gíláàsì pápá. Ìyá Moyọ̀ ti wà níbẹ̀. Ó di sálúbàtà ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, òwú àti òògùn egbò wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ kejì. Kò wo eré. Ẹsẹ̀ ló ń wò, èmi náà ẹsẹ̀ ni mò ń wò. Ẹni tí bàtà ń dùn máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ okùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá eré dúró: yóò tú u, yóò fà á, yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí adìyẹ. Àwọn ọmọ mélòó kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Moyọ̀ ń yípo, ó ń fi abẹ kọ ìlà sórí yìnyín, ó ṣubú, ó dìde, ó gba rọ́bà lọ́wọ́ ọmọ kan tó ga jù ú lọ.

Ìgbà tí wọ́n parí, obìnrin kan tó jẹ́ kóòṣì wọn pe orúkọ àwọn tí wọ́n mú. Tirẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tú jáde, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lójú ẹsẹ̀ láti bọ́ bàtà. Ìyá Moyọ̀ na sálúbàtà síwájú. Moyọ̀ kọjá lára wa pẹ̀lú ọmọbìnrin gíga yẹn, wọ́n ń jiyàn lórí rọ́bà tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ tààrà sídìí ẹ̀rọ tó ń ta ìpápánu, ó dúró síbẹ̀ lórí abẹ, ó ń jẹ, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe eré. Kò rántí pé òun ní ẹsẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbá sálúbàtà náà pọ̀ mọ́ra, ó sì tì í padà sínú àpò.