Àfáà Ṣàfíù àti Òkúta Tó Bá Ayé Rìn

Fìlà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìwó fi mọ Àfáà Ṣàfíù. Ọwọ́ ló fi ń rán an ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, àwọn ará Kuta àti Ilé-Ogbó sì ń wá rà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fìlà ló ń mú orí rẹ̀ wú. Òun ni ojú àdúgbò. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó jẹ́ pé, bí oṣù bá fẹ́ parí, òun ló ń gun àpáta ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ní ìrọ̀lẹ́ láti wo ìwọ̀ oòrùn. Tó bá ti ní, "Oṣù ti lé," ọ̀rọ̀ parí. Ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn.

Àṣírí kan wà níbẹ̀ ṣá, ẹ jẹ́ n tú u. Ojú Àfáà ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún méjì sẹ́yìn. Faridah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì, ló ń bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Lórí àpáta, ọgbọ́n ló ń dá: yóò dúró títí ẹlòmíràn yóò fi na ìka sókè, òun náà á ní òun ti rí i. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba àpáta lọ́wọ́ òun.

Rédíò wá sọ lọ́jọ́ kan pé òkúta kékeré kan láti ojú ọ̀run ti wá ń bá ayé rìn, pé nǹkan bí oṣù méjì ni yóò fi ṣe òṣùpá kejì fún wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Mikail tó ń wa kẹ̀kẹ́ ti dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àfáà, òṣùpá kejì tí wọ́n ń wí yìí, ṣé ẹ ti rí i?"

Kí ni ì bá ná an bó bá ní òun ò rí i? Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ohun tó ń pa mọ́, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Àfáà gbọn òwú kúrò lára fìlà ọwọ́ rẹ̀.

"Mo rí i lánàá," ó ní. "Tín-ín-rín báyìí."

Mikail dúpẹ́, ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Àfáà ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ wà lọ́rùn Mikail. Ó ti ṣèlérí pé bí ìyàwó òun bá sọ̀ láyọ̀, òun yóò gba ààwẹ̀ oṣù kan gbáko. Ìyàwó sọ̀, ìbejì ni, Mikail sì ti gba ọjọ́ méjìlá láti ọjọ́ tí oṣù ti lé. Lójú tirẹ̀, òṣùpá tuntun ti yọ, Àfáà fúnra wọn ti rí i, oṣù ti parí nìyẹn. Nígbà tí Faridah ń ti ilé-ìwé bọ̀ lọ́sàn-án, ó bá Mikail nídìí iyán àti ẹ̀gúsí, ó ń lá ọwọ́.

"Ṣebí ààwẹ̀ lò ń gbà?"

"Mo ti parí ẹ̀. Bàbá yín ti rí oṣù."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Àfáà ò ju ọ̀sán lọ.

"Bàbá," ni Faridah wí nígbà tó délé, tó ti rẹ́rìn-ín tán, "òkúta yẹn ò ju bọ́ọ̀sì kan lọ, ó sì jìnnà sí wa ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Awò ńlá ni wọ́n fi rí i. Kò sí ojú èèyàn tó lè rí i."

Àfáà gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló wá ń wá lọ́dọ̀ wa?"

"Kò wá wa wá. Oòrùn lòun náà ń yí ká bíi tiwa. Bí ẹ bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ilé-Ogbó, tí ọlọ́kadà kan ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ lè rò pé ẹ jọ ń lọ ni. Tó bá yá, á yà sí ọ̀nà tirẹ̀."

Ojú ti Àfáà gidigidi. Lẹ́yìn ìrun alásárì, ó dìde láàárín mọ́ṣáláṣí.

"Mi ò rí òṣùpá kejì," ó ní. "Àkọ́kọ́ gan-an, agbára káká ni mo fi ń rí i. Mikail ò jẹ̀bi, irọ́ tèmi ló mú un jẹun. N ó bá a gba gbogbo èyí tó kù, n ó sì bá a san ọjọ́ tó jẹ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alàájì Jàmíù, tó dàgbà jù níbẹ̀, béèrè pé, "Ojú ta la ó wá máa lò báyìí?"

Bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì ṣe gba ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n jọ ń fi ẹ̀kọ àti àkàrà ṣínu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù, gbogbo wọn gun àpáta. Ìkùukùu bo ìwọ̀ oòrùn. Nísàlẹ̀, ìyá ìyàwó Mikail ti ń gún iyán ìparí ààwẹ̀ sílẹ̀, ìró ọmọ odó ń dún sétí wọn ketekete. Bí wọ́n bá rí oṣù, ààwẹ̀ parí, ó ku ọjọ́ kan tí wọ́n jọ máa san. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á tún gba ti ọ̀la.

"Mikail," ni Àfáà wí, "ojú tìẹ mọ́lẹ̀. Kí lo rí?"

Gbogbo ojú yí sí Mikail. Ta ni ò mọ ohun tí ẹni tébi ń pa yóò fẹ́ rí? Ó gbé itọ́ mì. Ó wò, ó tún wò.

"Àfáà, mi ò rí i. Ẹ jẹ́ ká gba ti ọ̀la."

Inú Àfáà Ṣàfíù dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bọ́ fìlà orí ara rẹ̀, ó fi dé Mikail, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Ojú àdúgbò," ó ní, "fà mí lọ́wọ́, ká sọ̀ kalẹ̀."