Bàbá Yìnyín àti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

"Ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn kí o tó lọ."

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Yìnyín sọ kẹ́yìn fún ọmọ wọn ọkùnrin nìyẹn. Ọmọ náà wà lórí fóònù. Ó kàn mi orí, ó jáde lọ ra páìpù. Kò ṣí ilẹ̀kùn.

Láti kékeré ni bàbá náà ti ń tún fíríìjì ṣe, ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ wọn ti wá. Wọn á gbé etí lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ, wọn á ní, "Èyí ò kú. Ó kàn ń bínú ni." Wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó lójú bàbà, kì í ṣe ti bátìrì, iná gidi ló ń jó lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kọjá níbi tí páìpù ti ń jò, iná á di àwọ̀ ewé.

"Gáàsì inú fíríìjì yìí dà bí àna tí kì í sọ̀rọ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Kò rùn, kò jó. Ọjọ́ tí iná bá kàn án lo máa tó mọ ohun tó wà níkùn ẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, inú yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí ni wọ́n ti ń fi iná jó páìpù pọ̀. Wọ́n rò pé gáàsì inú ẹ̀ ti tán. Àṣé ó ṣẹ́ ku díẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹlẹ́ja tó ni yàrá yọjú wò lójú gíláàsì, ó ní iná di àwọ̀ ewé, bàbá ò sì dáwọ́ dúró. Wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá náà. Wọ́n gbà pé ọmọ àwọn ti ṣí i.

Nígbà tí ọmọ náà fi ra páìpù dé, ilẹ̀ ló bá wọn. Ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n fọhùn. Ọjọ́ kẹta, nílé ìwòsàn, wọ́n jáde láyé.

Ẹbí ní àyà wọn ló ti ń dà wọ́n láàmú tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó wù ú kó rí bẹ́ẹ̀.

Àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ń kàwé kẹ́mísìrì sókè nítorí ìdánwò. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ò kàwé débẹ̀.

"Nínú gáàsì yìí, kábọ́ọ̀nù di kílórìnì àti fúlórìnì mú gírígírí, ìyẹn ni kì í fi í jó. Ṣùgbọ́n bí iná bá mú jù, okùn tó so wọ́n pọ̀ á já, gáàsì olóró á jáde."

"Gáàsì fíríìjì ni?"

"Ti àtijọ́. Irú èyí tí Bàbá ń lò. Wọ́n ní kéèyàn má jó o níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè wọlé." Ó gbójú sókè. "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé?"

Ó dojú fóònù rẹ̀ délẹ̀.

"Bàbá ní kí n ṣílẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ti ẹ̀yìn. Mi ò ṣí i."

Ọmọbìnrin náà pa ìwé dé. Kò sunkún, kò bú u. Ó kó bírò rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ibẹ̀, ó fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríìjì tó ti kú tì í kó má bàa padà dé. Ojú bàbà tọ́ọ̀ṣì náà ti dúdú. Ó wá pépà tó ń ha irin, ó jókòó, ó ń ha á.