Káfíńtà Tó Wá Tún Bẹ́ńṣì Ṣe

Lẹ́tà ni mo fi ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ọdún kejì mi nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn, ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìdànrè, mo sì rò pé kò sóhun tí mi ò mọ̀. Fúnmi, ìyàwó káfíńtà kan ní Atosin, ti ń wá sọ́dọ̀ wa fún oṣù mẹ́fà nítorí àìrọ́mọbí. Ọdún márùn-ún ló ti wà nílé ọkọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé tí wọ́n bá ti ta kòkó ọdún náà tán, òun máa fẹ́ ìyàwó mìíràn fún ọmọ òun, kí Fúnmi yáa máa di ẹrù rẹ̀.

Dókítà tó máa ń ti Àkúrẹ́ wá kì í yẹ obìnrin nìkan wò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Tọkọtaya ló ń fẹ́ rí. Ni mo bá kọ lẹ́tà sí ọkọ, Bọ̀dá Adé, pé kó wá ṣe àyẹ̀wò. Àṣé kò mọ̀wé kà. Akọ̀wé ìjọ Aládùúrà wọn ló bá a kà á, ẹnu akọ̀wé náà kò sì dákẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo Atosin ti gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ní Adé ò lè bímọ. Ó búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ọ̀dọ̀ wa láéláé.

Mo sunkún. Mètírọ́ọ̀nù wa kò rẹ̀ mí lẹ́kún.

"Tí wọ́n bá ní kí ìwọ wá jókòó sáàárín ogún ọkùnrin tó ń wò ẹ́, ṣé wàá lọ?"

"Rárá, mà."

"Kí ni iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ Fúnmi?"

"Káfíńtà ni, mà."

Ó lọ síbi bẹ́ńṣì táwọn aboyún máa ń jókòó lé, ó sì fi gbogbo ara jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ títí ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì kan fi yẹ̀. Ara rẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ńṣì wa ti bàjẹ́. Lọ pè é wá. Kọ́kọ́ tọrọ àforíjì."

Mo lọ sí Atosin, mo kúnlẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Bó ṣe ń kan ìṣó ni Mètírọ́ọ̀nù ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹni tó ń kọjá á rò pé ọ̀rọ̀ pákó ni. Bẹ́ńṣì kan ṣoṣo gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹta ló béèrè pé, "Màmá, tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ló ti wá ńkọ́?"

"Ṣé Fúnmi máa lé ẹ jáde ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú.

Nígbà tó di ọjọ́ dókítà, bẹ́ńṣì kún fọ́fọ́. Bọ̀dá Adé wọlé, Fúnmi tẹ̀ lé e. Kò gbé àpótí irinṣẹ́ dání. Obìnrin ará Atosin kan ké sí i pé, "Káfíńtà, kí lẹ wá tún ṣe lónìí?"

Ó dúró. Mo rò pé ó máa yí padà.

"Kò sóhun tí mo wá tún ṣe. Èmi àti ìyàwó mi la fẹ́ rí dókítà. Nọ́ọ̀sì, orúkọ tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ."

Mo kọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo ṣi orúkọ náà kọ.

Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò kọ lẹ́tà sí ọkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ kan ṣe wá rán aṣọ fèrèsé wa, tí akunlé kan sì kun ògiri kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ta kòkó tán lọ́dún náà. Fúnmi kò di ẹrù kankan.