Kọ́nà Tí Rédíò Ti Máa Ń Dákẹ́

Ẹnu Làmídì, rewáyà ará Ọ̀yọ́, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìdí tí rédíò mọ́tò wa fi máa ń dákẹ́, nígbà tí mo ṣì kéré. Lánàá, ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, rewáyà kan ń fá ọ̀dà kúrò lára irin mọ́tò mi, òórùn ọ̀dà náà sì gbé mi padà sínú mọ́tò bàbá mi.

Mọ́tò akérò ni, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìrẹsà ló ń ná, òun ló sì ń bọ́ wa. Rájí, ọ̀rẹ́ bàbá mi, tó máa ń ra gúgúrú fún wa, ló so rédíò sí i. Ó ń kánjú lọ sóko ní Ìrẹsà lọ́jọ́ náà, ló bá de wáyà dúdú tó so rédíò mọ́ ara irin mọ́tò lé orí ọ̀dà. Ó ní, "Bí mo bá dé, màá wá fá ọ̀dà yẹn."

Kò dé. Alùpùpù rẹ̀ ṣubú ní kọ́nà oníkòtò ìdí àràbà lójú ọ̀nà Ìrẹsà, ibẹ̀ ló kú sí.

Láti ìgbà náà, bí a bá ti dé kọ́nà yẹn, rédíò á dákẹ́ wẹ́lo, bí ọmọdé tí àgbàlagbà wọlé bá. Bí a bá kọjá tán, á tún máa sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ìyá elélùbọ́ kan ní òun ò lè máa sanwó mọ́tò kí òun wá bá òkú pín àga. Àwọn rewáyà Ògbómọ̀ṣọ́ mọ Rájí. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. La bá gba Ọ̀yọ́ lọ.

Làmídì kàn fi ìka mi wáyà náà, rédíò dákẹ́. Ó ní, "Orí ọ̀dà ló wà, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dà ò jẹ́ kí iná rí irin. Bí ẹ bá ti bọ́ sí kòtò, á mì, á gé." Ó fá a títí irin fi ń dán, ó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, ó wá béèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá mi kàn sanwó fún un, a sì gbéra.

Nígbà tí a padà dé kọ́nà, rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ. Bàbá mi nawọ́, ó pa á fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Rájí, wọ́n ti fá a o."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ó fi fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn èrò rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa á, wọ́n padà, ìyá elélùbọ́ náà sì padà.

Wọ́n ti gé àràbà náà. Wọ́n ti tún títì ṣe, kò sí kòtò kan níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni rédíò tèmi ti ń dákẹ́ ní kọ́nà yẹn. Rewáyà Under G náà fá ọ̀dà lánàá, ó de wáyà, ó ní ó ti parí. Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí; ó tún dákẹ́.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, ṣé kí n padà lọ bá rewáyà ni, àbí kí n kí Rájí?